Bí Ọkọ̀ Ojú Irin Àkọ́kọ́ Bá Pẹ́, Ṣé Kí Èkejì Dúró Dè É?

Ẹ jẹ́ ká mú èrò kan tó wọ ọkọ̀ ojú irin nílùú Denver, ní Amẹ́ríkà, tó ń lọ sí New York. Kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó máa gbé e débẹ̀. Kódà, kò sí ọkọ̀ ojú irin èrò tó ń gbéra láti etí Òkun Pàsífíìkì tó sì ń já sí etí Òkun Àtìláńtíìkì ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí. Dandan ni kí èrò wa bọ́ sílẹ̀ ní Chicago, kó gbé ẹrù rẹ̀, kó wọ ọkọ̀ mìíràn. California Zephyr lorúkọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, Lake Shore Limited lorúkọ èkejì. Amtrak, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1971, ló ni àwọn méjèèjì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni pé: bí Zephyr bá pẹ́ lójú ọ̀nà, kí ló yẹ kí wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ wọ Lake Shore?

Àwọn kan á ní, “Kí ọkọ̀ kejì dúró, ṣebí ilé-iṣẹ́ kan náà ni.” Àwọn mìíràn á ní aago ti lù, kí ọkọ̀ máa lọ. Ìdáhùn méjèèjì ló yá jù. Ìṣirò ló wà níbẹ̀, kò sì le rárá. Ẹni tó bá lè ṣe ìsọdipúpọ̀ lè bá mi dé òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tó dé ibi ìṣirò, ó yẹ ká mọ ohun tó ń mú ọkọ̀ pẹ́.

Láti Emeryville ní California dé Chicago, 2,438 máìlì ni Zephyr ń rìn, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 3,924. Ó ń gbà tó wákàtí 52. Ó ń gun òkè Sierra Nevada, ó ń gba àárín àwọn òkè Rocky kọjá, ó sì ń la pápá gbalasa Nebraska àti Iowa já. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí 52 pọ̀ ju ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí 2 lọ. Ìyẹn nìkan ti sọ ìdí tí ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn fi máa ń pẹ́ ju ti ọ̀nà kúkúrú lọ: gbogbo ibi tó bá kọjá ló láàyè láti já ìṣẹ́jú díẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ojú irin yẹn kì í ṣe ti Amtrak. Nínú máìlì 10 tí àwọn ọkọ̀ Amtrak ń rìn, nǹkan bíi 7 ló wà lórí irin onírin, pàápàá ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó ẹrù. Ti Union Pacific àti BNSF ni Zephyr ń gbà. Ẹni tó ni irin náà ló ń darí ìrìn ọkọ̀ lórí rẹ̀. Òun ló ń sọ ta ni kó lọ, ta ni kó dúró.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, irin ẹyọ kan péré ló wà, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ló sì ń lò ó. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà oko tóóró rí á mọ bó ṣe rí: bí ẹlẹ́rù méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà sínú igbó kí èkejì tó kọjá. Lójú irin, ibi ìyàsí náà jẹ́ irin kúkúrú kan tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tó bẹ̀rẹ̀ lára irin ńlá tó sì tún parí sí ara rẹ̀. Wàhálà tó dé báyìí ni pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti gùn sí i. Òmíràn gùn ju kìlómítà 3 lọ, nígbà tí ibi ìyàsí tí wọ́n ti ṣe látayébáyé kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí kò gba ibi ìyàsí kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ọkọ̀ èrò, tó kúrú, ni yóò yà, tí yóò sì dúró títí ìrù ọkọ̀ akẹ́rù yóò fi kọjá. Láti ọdún 1973 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ọkọ̀ èrò ló láṣẹ láti ṣáájú. Òfin ò lè fún ọkọ̀ tó gùn ju ibi ìyàsí lọ mọ́ inú rẹ̀.

Ooru náà ń dá kún un. Irin máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Bí kìlómítà kan irin ọkọ̀ bá gbóná sí i pẹ̀lú ìwọ̀n 30 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, tí ohunkóhun kò sì dí i lọ́wọ́, yóò fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36 gùn sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jó irin òde òní pọ̀ láìní àlàfo, wọ́n sì ti kàn án mọ́lẹ̀, kò ráàyè nà. Agbára tí ì bá fi nà á wá há sínú irin, ó ń ti í láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó bá sì pọ̀ jù, irin lè tẹ̀ wọ́lọ́kọ́ lójijì. Nítorí èyí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, wọ́n máa ń pàṣẹ fáwọn awakọ̀ pé kí wọ́n rọra rìn lọ́sàn-án. Kò sí onílàákàyè tó máa bá wọn jà lórí ìyẹn.

Òfin tún wà pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 12 lọ ní ìjókòó kan. Bí wákàtí náà bá pé, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró síbi tó bá wà, ì báà jẹ́ àárín pápá, títí tí àwọn tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn yóò fi dé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bímọ: ọkọ̀ pẹ́ wákàtí mẹ́ta, pípẹ́ yẹn mú kí wákàtí àwọn òṣìṣẹ́ pé, pípé wákàtí yẹn sì tún fi wákàtí méjì mìíràn kún un. Bákan náà, ọkọ̀ tó bá pẹ́ ti pàdánù àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lórí irin. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí kò yẹ kó pàdé rárá ni yóò máa pàdé báyìí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ṣé kò lè sáré lé e bá ni?” Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ká ṣírò rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà wọ̀nyí, 79 máìlì ní wákàtí kan ni eré tó ga jù tí òfin gbà, ìyẹn kìlómítà 127. Ká sọ pé ìwé àkókò ti ń retí kí ọkọ̀ máa sá kìlómítà 110 ní wákàtí kan. Tí awakọ̀ bá wá tẹ̀ ẹ́ dé 127, kìlómítà 17 péré ló ń rí jẹ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kó tó lè gba wákàtí kan ṣoṣo tó ti sọnù padà, ó gbọ́dọ̀ sá kìlómítà 822 ní eré yẹn láìdúró níbì kankan: ìrìn wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 28 ni yóò fi wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 28 rìn. Ibo ló ti fẹ́ rí kìlómítà 822 tí kò sí ibùdókọ̀, tí kò sí ọkọ̀ akẹ́rù, tí kò sí òkè? Wákàtí kan rọrùn láti sọnù, ó sì ṣòro láti rí he. Eré àsápajúdé kọ́ ni wọ́n fi ń wo àrùn yìí sàn.

Ìṣẹ́jú tí wọ́n ti kó pa mọ́ ṣáájú ni wọ́n fi ń wò ó. Naperville ni ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn kí Zephyr tó dé Chicago, kò sì ju kìlómítà 45 lọ láàárín wọn. Tí ọkọ̀ bá ń jáde kúrò ní Chicago, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé yóò fi dé Naperville. Ṣùgbọ́n tó bá ń bọ̀ wá sí Chicago, lórí irin kan náà, ó ju wákàtí kan lọ tí wọ́n kọ. Ọ̀nà ò gùn sí i, awakọ̀ ò sì di ọ̀lẹ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan bí ìdajì wákàtí sí òpin ìrìn àjò ni, kí ọkọ̀ tó pẹ́ díẹ̀ lè fi dé lásìkò. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó pẹ́ ogún ìṣẹ́jú ní Naperville fi lè dé Chicago kí àkókò tó pé, tí ẹnu sì máa ya èrò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì ní Chicago fúnra rẹ̀. Nínú ìwé àkókò tí wọ́n ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, Zephyr ń dé ní aago 2:50 ọ̀sán, Lake Shore sì ń gbéra ní aago 9:30 alẹ́. Wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40! Èrò tó dé lásìkò yóò jókòó sínú gbọ̀ngàn ńlá Union Station, ilé tí wọ́n ṣí lọ́dún 1925, yóò jẹun, yóò rìn yí ìgboro ká, yóò tún padà wá jókòó. Á máa bi ara rẹ̀ pé ta ló ṣètò irú èyí. Ìyà tó ń jẹ yẹn ni owó ààbò tó ń san fún ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá pẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí àlàfo náà ṣe yẹ kó gùn tó? Ẹ jẹ́ kí n lo iye tí mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe iye tí wọ́n kà lójú irin. Ká sọ pé nínú ìgbà 100 tí ọkọ̀ kan dé, ìgbà 60 ni pípẹ́ rẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ, 80 ni kò ju wákàtí 2 lọ, 90 ni kò ju wákàtí 4 lọ, 96 sì ni kò ju wákàtí 6 àti ààbọ̀ lọ. Tí a bá fa àlàfo láti ìdajì wákàtí dé wákàtí 2, ìrìn àjò 20 la gbà là. Tí a bá fà á láti 2 dé 4, mẹ́wàá péré la gbà là. Láti 4 dé 6 àti ààbọ̀, mẹ́fà péré. Ohun tí à ń rí ń dín kù, ohun tí à ń san ò sì dín kù, nítorí gbogbo èrò, títí kan àwọn tó dé lásìkò, ló ń jókòó de àlàfo náà. Mẹ́rin tó kù nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, ìgbà tí omi gbé afárá tàbí tí yìnyín dí ojú ọ̀nà, kò sí àlàfo tó lè gbà wọ́n là àfi tí gbogbo ayé bá fẹ́ sun Chicago lójoojúmọ́. Ibì kan wà tó yẹ kí ẹni tó ń ṣètò dúró, kó sọ pé àwọn ìyókù, ọ̀nà mìíràn ni a ó fi bójú tó wọn.

A ti wá dé ibi tí mo ń lọ. Ká sọ pé Zephyr ti òní pẹ́ wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 20. Aago 10:10 alẹ́ ni yóò dé, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn àkókò Lake Shore. Tí a bá fún àwọn èrò ní ìṣẹ́jú 5 láti fi yára lọ wọ ọkọ̀ kejì, Lake Shore gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú 45. Èrò 20 ló ń bọ̀ láti inú Zephyr. Èrò 200 ti jókòó sínú Lake Shore. Kí ni kí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí kò bá dúró. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni Lake Shore ń lọ. Àwọn 20 yẹn yóò dúró de ti ọ̀la, wákàtí 24. Ogún lọ́nà 24 jẹ́ wákàtí èèyàn 480. “Wákàtí èèyàn” ni mo ń pe wákàtí kan tí ẹnì kan fi ṣòfò. Tí ènìyàn mẹ́wàá bá fi wákàtí kan ṣòfò, mẹ́wàá nìyẹn. Tó bá dúró ńkọ́? Èrò 200 lọ́nà ìṣẹ́jú 45 jẹ́ wákàtí èèyàn 150. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń dúró ní àwọn ibùdókọ̀ iwájú, ní Toledo, ní Cleveland, ní Buffalo. Ká pè wọ́n ní 100. Ìyẹn jẹ́ 75 sí i. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 225. 225 kò tó ìdajì 480. Kí ọkọ̀ dúró!

Ẹ má tíì gbé kálàmù sílẹ̀. Mo ti sọ pé ọkọ̀ tó bá pàdánù àyè rẹ̀ lórí irin máa ń pẹ́ sí i. Ìṣẹ́jú 45 tó fi dúró ní Chicago lè di 90 kó tó dé ìpínlẹ̀ New York. 225 wá di 450. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 480 dọ́gba. Tí àwọn kan nínú Lake Shore bá sì tún ní ọkọ̀ mìíràn láti wọ ní New York, tí ìṣẹ́jú 90 yìí mú kó fi wọ́n sílẹ̀, ìwọ̀n ti tẹ̀ sí òdìkejì nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé wákàtí 3 ló yẹ kí Lake Shore dúró, kò sí àríyànjiyàn mọ́: èrò 300 lọ́nà wákàtí 3 jẹ́ 900, ó ju 480 lọ fíìfíì. Kí ọkọ̀ máa lọ, kí a wá yàrá fún àwọn 20.

Nítorí náà, tí èrò bá ń bínú pé “wọ́n rí wa tí à ń bọ̀, wọ́n sì lọ,” inú mi máa ń bà jẹ́ fún un, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ìkà ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ń rí ojú ara rẹ̀. Àwọn tó wà ní Cleveland ní ìdájí kò sí níwájú rẹ̀ kó rí wọn.

Ẹ wo ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìṣirò yìí. Nínú gbogbo iye tí a lò, èyí tó wúwo jù ni 24: ìgbà tí ọkọ̀ mìíràn máa tó dé. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo bí gbogbo ìdájọ́ ṣe máa yí. Ẹ jẹ́ ká gbé èrò kan náà lọ sí Switzerland. Láàárín Zürich àti Bern, ọkọ̀ ojú irin ń lọ ní gbogbo ìdajì wákàtí, ó kéré tán. Tí ọkọ̀ bá fi èrò 20 sílẹ̀, ìdajì wákàtí ni wọ́n pàdánù, ìyẹn wákàtí èèyàn 10. Tí ọkọ̀ tó ní èrò 300 bá sì dúró dè wọ́n fún ìṣẹ́jú 4 péré, 20 ló ná wa. Kí ọkọ̀ máa lọ! Ní Chicago, dídúró ìṣẹ́jú 45 ṣeé gbà; ní Bern, ìṣẹ́jú 4 ti pọ̀ jù. Ìṣirò kan náà ni.

Àwọn ará Switzerland mọ èyí, wọ́n sì fi kọ́ orílẹ̀-èdè wọn. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1987, wọ́n dìbò fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní Bahn 2000. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló wù mí jù. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé àkókò, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe ojú irin tó máa bá ìwé náà mu. Ìwé náà sọ pé kí gbogbo ọkọ̀ máa dé àwọn ìlú ńlá díẹ̀ kí aago tó lù, kí wọ́n sì gbéra kété lẹ́yìn tó bá ti lù, kí èrò lè bọ́ láti inú ọ̀kan sínú èkejì láìpẹ́. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe láàárín Zürich àti Bern, ìrìn àjò náà gbọ́dọ̀ dín díẹ̀ sí wákàtí kan. Ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Wọ́n tẹ́ irin tuntun láti Mattstetten dé Rothrist, níbi tí ọkọ̀ ti lè sá kìlómítà 200 ní wákàtí kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò náà lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2004. Ìṣẹ́jú 56 ni ọkọ̀ wá ń gbà. Wọn ò wá eré fún eré. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kù yẹn, tí èrò máa fi pààrọ̀ ọkọ̀, ni wọ́n ń wá.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè fara da àlejò tó máa ń pẹ́. Jámánì ni aládùúgbò wọn, lọ́dún 2024 sì rèé, 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn Deutsche Bahn ló dé lásìkò, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó pẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún ṣì wà lára àwọn tí wọ́n kà sí pé ó dé lásìkò. Ní Switzerland, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọn tiwọn, síbẹ̀ ó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tí ọkọ̀ láti Jámánì bá pẹ́ jù, wọ́n máa ń dá a dúró ní Basel, lẹ́nu ààlà. Àwọn èrò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á wọ ọkọ̀ Switzerland tó ń gbéra ní àkókò tirẹ̀. Ó ń dun àwọn tó bọ́ sílẹ̀ náà, pàápàá àwọn tó ní ẹrù àti ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n pípẹ́ náà kú sí Basel, kò ráàyè ran ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó wà nínú lọ́hùn-ún.

Ká padà sí Amẹ́ríkà, nítorí ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tó wù mí. Ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Southwest Chief, tó ń lọ láti Chicago sí Los Angeles. Ká sọ pé èrò kan wọ Zephyr ní Omaha, tó ń lọ sí Albuquerque. Ẹni tó bá wo máàpù á sọ pé kó lọ sí Chicago, kó wọ Chief níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjèèjì ló ń dúró nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Galesburg, ní Illinois, nǹkan bíi kìlómítà 260 sí Chicago. Ó ń gba Zephyr tó wákàtí 2 àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti Galesburg wọ Chicago, ó sì ń gba Chief tó wákàtí 2 àti ààbọ̀ láti Chicago padà wá sí Galesburg. Tí èrò náà bá bọ́ sílẹ̀ ní Galesburg, tó jókòó jẹ́ẹ́ de Chief níbẹ̀, ó ti dín lílọ àti bíbọ̀ kù, ó sì ti rí nǹkan bíi wákàtí 5 he láìsí pé ọkọ̀ kankan sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Zephyr tó pẹ́ wákàtí mẹ́rin, tí ì bá pàdánù Chief ní Chicago pátápátá, yóò bá a ní Galesburg. Bákan náà ni wọ́n máa ń fi bọ́ọ̀sì gbé èrò nígbà mìíràn kí wọ́n lè lọ bá ọkọ̀ tó ti lọ níwájú, nítorí ọkọ̀ ojú irin ń dúró ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀sì ò sì dúró.

Tí gbogbo rẹ̀ bá wá kùnà, ilé-iṣẹ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Tí èrò bá ra ìrìn àjò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí ọkọ̀ wọn ló sì pẹ́, Amtrak á gbé e sínú ọkọ̀ mìíràn, á sì wá ibi tí yóò sùn tó bá di pé ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀. Níhìn-ín ni wákàtí 24 tí a lò nínú ìṣirò wa ti lè má tó, nítorí ọkọ̀ ọ̀la lè ti kún, pàápàá àwọn yàrá ibùsùn. Ó tún burú jù fún èrò Sunset Limited, tó ń rin 1,995 máìlì láàárín New Orleans àti Los Angeles, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù ìyẹn lè dúró fún ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù Kejìlá ọdún 2022, Amtrak fẹjọ́ Union Pacific sun àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú irin, pé ọkọ̀ yìí ń pẹ́ jù lórí irin wọn. Lóṣù Keje ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ pe Norfolk Southern lẹ́jọ́ lórí ọkọ̀ tó ń jẹ́ Crescent, tó ń lọ láti New York sí New Orleans.

Mo fara mọ́ àwọn ẹjọ́ náà. Òfin tí a kò bá lò kò yàtọ̀ sí bébà. Ṣùgbọ́n ẹ padà síbi ìṣirò wa, kí ẹ fi ọkọ̀ kejì kún ti ojúmọ́ kan. 24 di 12. 480 di 240. Ìyà èrò tó pàdánù ọkọ̀ ti dín kù sí ìdajì, a ò tíì mú pípẹ́ ẹyọ ìṣẹ́jú kan kúrò. Lójú tèmi, owó tí wọ́n bá ná sórí ọkọ̀ àfikún wúlò ju owó yàrá òtẹ́ẹ̀lì lọ. Àwọn kan gbìyànjú ọ̀nà mìíràn: kí èrò má pààrọ̀ ọkọ̀ rárá. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Amtrak so Capitol Limited àti Silver Star pọ̀ di ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Floridian, tó ń gbéra ní Chicago, tó ń gba Washington, tó sì ń já sí Miami. Èrò ò bọ́ sílẹ̀ mọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà ní Washington tẹ́lẹ̀, tó máa ń gbé pípẹ́ ọ̀nà Chicago mì, ti lọ. Pípẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ohio lè bá ọkọ̀ dé Florida báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Chicago, ní Houston tàbí ní Yúróòpù, tí ẹ lè wọ irú ọkọ̀ wọ̀nyí lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé ó dín owó díẹ̀. Tí ẹ bá rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìrìn àjò méjì ni lójú ilé-iṣẹ́, ọ̀kan ò mọ èkejì. Ẹni tí ọkọ̀ bá sì fi sílẹ̀ yóò ra òmíràn fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2023 sọ pé tí ó bá hàn pé ẹ ó pẹ́ tó wákàtí kan kí ẹ tó dé òpin ìrìn àjò yín, ẹ lè yàn: kí wọ́n dá owó yín padà, tàbí kí wọ́n gbé yín gba ọ̀nà mìíràn débẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó so ìrìn àjò náà pọ̀ ló fún yín láǹfààní náà lórí gbogbo ọ̀nà. Ẹ fi oògùn yín àti oúnjẹ díẹ̀ sínú báàgì tó wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe sínú ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín.

Tí ẹ bá sì rí i pé ọkọ̀ yín ti ń pẹ́, ẹ má jókòó títí ẹ ó fi dé ibùdókọ̀ ńlá kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ tọ kọ́ńdọ́tọ̀ lọ nínú ọkọ̀, ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì yín hàn án, kó fi iye yín ránṣẹ́ síwájú. Ẹni tó fẹ́ pinnu bóyá kí ọkọ̀ dúró kò lè ka ẹni tí kò mọ̀ pé ó ń bọ̀.